Àbọ̀-Àìgbà: Ìṣòro Ìperí fún Ìmúṣe tí ó ti Kú lórí Ẹ̀rọ Linux

Bí ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ Linux bá tẹ àṣẹ ps, tí ó sì rí lẹ́tà Z lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ orúkọ, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó tẹ kill -9 lé wọn lórí. Kò ní sí ìyípadà kankan. Yóò tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, Z yóò sì wà níbẹ̀ digbí. Nígbẹ̀yìn, bí sùúrù rẹ̀ bá tán, yóò pa gbogbo ẹ̀rọ náà, yóò sì tún un tàn. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe lọ́wọ́ lórí rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn Z lè ti padà dé. Ẹni yìí lè jẹ́ ọ̀jáfáfá. Ohun tí ó ṣì í lọ́nà ni orúkọ tí wọ́n fi kọ́ ọ: wọ́n ní zombie ni ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, òun náà sì gbà pé òkú tí ń rìn kiri ni, èyí tí ó yẹ kí a tún pa.

Ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ Yorùbá ni èyí: ṣé àṣìṣe inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a gbé wọ inú èdè wa, tàbí kí a wá orúkọ tí yóò tọ́ka sí ìtọ́jú ohun náà? Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ni àríyànjiyàn ti wà lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fi jáde ní 1984, àwọn ọ̀nà náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú, a lè ṣe àpèjúwe, a lè kan ọ̀rọ̀ pọ̀, a sì lè yá ọ̀rọ̀ lò. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n àpèjúwe a máa dùn lẹ́nu nígbà mìíràn kí ó má sì kọ́ni ní nǹkan. Ayárabíàṣá tí ọ̀pọ̀ ń pe kọ̀ǹpútà jẹ́ irú bẹ́ẹ̀. Ó ń ki ẹ̀rọ náà ju bí ó ti ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Bí ìmúṣe ti ń bímọ, àti bí ó ti ń kú

Ètò ni àkọsílẹ̀ àwọn ìlànà tí a tò sínú fáìlì. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìṣe ohunkóhun. Ìgbà tí a bá pè é sí iṣẹ́, tí kánẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe ọkàn ètò ìṣàkóso ẹ̀rọ, fún un ní àyè nínú ìrántí ẹ̀rọ, tí ó sì fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ni ó tó di ìmúṣe. Ètò kan ṣoṣo lè ní ogún ìmúṣe lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí orin kan ti lè wà lẹ́nu ogún akọrin.

Nínú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, àti nínú Linux tí Linus Torvalds gbé jáde ní Finland ní 1991 ní àfarawé rẹ̀, ìmúṣe kan ni ó ń bí òmíràn. Fork ni orúkọ ìpè tí ìmúṣe fi ń bímọ. Èyí tí ó bí ni òbí, èyí tí a bí ni ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kò yàtọ̀ níhìn-ín. Òbí a máa bí ọmọ nítorí iṣẹ́ kan pàtó: kí ó ṣí ojú ìwé kan fún oníbàárà, kí ó da fáìlì kan kọ, kí ó ṣe ìṣirò kan. Ọmọ náà yóò ṣe é, yóò sì parí.

Ibi tí ó parí yìí ni ó gba àfiyèsí. Bí ọmọ bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kánẹ́ẹ̀lì yóò gba ìrántí ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, yóò ti àwọn fáìlì tí ó ṣí, yóò sì mú un kúrò lórí ìlà àwọn tí ń dúró de ẹ̀rọ láti ṣiṣẹ́. Kò ní ṣe ohunkóhun mọ́ láéláé. Síbẹ̀ kánẹ́ẹ̀lì kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. A máa fi ìlà kékeré kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé orúkọ àwọn ìmúṣe: nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àkókò tí ó lò lórí ẹ̀rọ, àti bí ó ti parí. Òdo ni a fi ń sọ pé ó parí ní àlàáfíà. Nọ́ńbà mìíràn ni a fi ń sọ pé ìṣòro wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìkọlù láti ìta ni ó pa á, ìyẹn náà yóò wà níbẹ̀. Òbí ni a pa gbogbo èyí mọ́ fún. Ìgbà tí òbí bá fi ìpè tí a ń pè ní wait béèrè bí ọmọ rẹ̀ ti ṣe ni kánẹ́ẹ̀lì yóò tó fi ìlà náà lé e lọ́wọ́, tí yóò sì pa á rẹ́. Ààrin ìgbà tí ọmọ parí sí ìgbà tí òbí béèrè ni ipò Z.

Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé ipò yìí kì í ṣe àrùn. Ọmọ tí a ó béèrè àtẹ̀yìnwá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá tí ojú kò lè rí. Bí kánẹ́ẹ̀lì kò bá pa ìlà náà mọ́, òbí kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ó ránni yọrí tàbí kò yọrí. Ewu kejì tún wà: a lè fi nọ́ńbà òkú náà fún àjèjì kan, kí òbí sì máa bá àjèjì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni.

Ìṣòro dé nígbà tí ẹni tí ó kọ ètò òbí bá gbàgbé láti máa béèrè. Ọmọ ń kú, ìlà ń pọ̀. Ìlà kan kò gba àyè tí ó tó nǹkan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní òpin. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òpin tí a bá nílẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe ni 32,768. Lórí ẹ̀rọ oní-bíìtì 64 a lè gbé e dé 4,194,304. Bí nọ́ńbà bá tán, fork kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ náà yóò ní ìrántí púpọ̀, agbára rẹ̀ yóò pé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kan lórí rẹ̀. Àní ẹni tí ó fẹ́ wọlé wá tún un ṣe kò ní ráàyè wọlé.

Orúkọ tí ó wà nílẹ̀ àti èyí tí a lè yàn

Zombie ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú àkọsílẹ̀ ètò Unix ẹ̀dà kẹfà, ti 1975, a ti rí SZOMB gẹ́gẹ́ bí orúkọ ipò náà. Ọ̀rọ̀ náà gba Haiti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ sì so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ àwọn èdè agbègbè Kóńgò àti Àǹgólà. Ní Haiti, òkú tí oṣó jí dìde ni, tí ó gba ọkàn rẹ̀, tí ó sì ń mú un ṣiṣẹ́ bí ẹrú lórí oko. Iṣẹ́ ṣíṣe ni kókó ìgbàgbọ́ náà. Ìmúṣe tí ó wà ní ipò Z ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ gan-an ni kò lè ṣe.

Ní Nàìjíríà, ìtumọ̀ mìíràn tún ti lé e lórí. Láti ìgbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó pè ní Zombie jáde ní 1976, ẹni tí kì í ronú, tí ó jẹ́ pé àṣẹ tí a bá pa fún un ni yóò ṣe, ni a ń fi ọ̀rọ̀ náà bú, àwọn ológun ní pàtàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ìtumọ̀ yìí dé ìdí ẹ̀rọ yóò rò pé àṣẹ ni ìmúṣe Z ń retí. Òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni òtítọ́: nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé orúkọ ẹ̀rọ, òun nìkan ni kò sí àṣẹ tí ó lè ràn án. Yíyá zombie lò, yálà a kọ ọ́ báyìí tàbí a pè é ní sọ́ńbì, yóò kó ẹrù Haiti àti ẹrù Fẹlá pọ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí.

Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ni akúdàáyà. Ó rẹwà, kò sì sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni akúdàáyà? Ẹni tí ó kú ní ìlú kan ni, tí a wá rí ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó ń gbéyàwó, tí ó ń bímọ, tí àwọn ará ibẹ̀ kò sì fura, títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi dé, tí yóò sì pòórá. Akúdàáyà ń ṣiṣẹ́ ju alààyè mìíràn lọ. Ibi tí ó kú sí kọ́ ni a sì ti ń rí i. Ìmúṣe Z kò kúrò lórí ìlà tí ó kú sí, kò sì ní bímọ mọ́. Bí a bá lo akúdàáyà, a óò kàn wulẹ̀ fi aṣọ Yorùbá bo àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì ni.

Òkú àìsin sàn jù wọ́n lọ fíìfíì. A kì í pa òkú. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí kò ní ronú kan kill. Ó sì jẹ́ kí ó yé ni pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹnìkan ṣe tí kò ṣe. Àléébù rẹ̀ wà níbi ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe é. Lórí ẹ̀rọ, òbí ni. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ni ó ń sin òbí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kú ṣáájú kì í dé ibi ìsìnkú, a kì í sì jẹ́ kí ó mọ ojú oórì náà. Olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú kíláàsì, tí ó ń tún un wí pé kí òbí máa sin ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má ṣe jáfara, yóò bá ìríra pàdé lójú àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ìríra náà yóò sì gba ọkàn wọn kúrò lórí ẹ̀kọ́.

Orúkọ tí iṣẹ́ yìí fara mọ́ kò ti inú ikú wá. Nínú agboolé, àgbà a máa rán ọmọ níṣẹ́. Ọmọ yóò lọ, yóò ṣe é, yóò padà wá jábọ̀. Bí ó bá dé tí àgbà ń bá àlejò sọ̀rọ̀, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí a ó fi yíjú sí i. Iṣẹ́ ti parí. Àbọ̀ ni ó kù. Bí a bá fẹ ìtumọ̀ àbọ̀ lójú, kí ó jẹ́ ìlà tí kánẹ́ẹ̀lì pa mọ́, wait yóò di gbígba àbọ̀, ìmúṣe Z yóò sì jẹ́ àbọ̀-àìgbà, tí a ṣẹ̀dá bí gbèsè àìsan àti ẹ̀jẹ́ àìsan. Orúkọ náà bá ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ mu rẹ́gí, nítorí pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kú, àbọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù sílẹ̀ ní tòótọ́. Ó tún sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò sí ẹni tí ó lè gba àbọ̀ iṣẹ́ tí kò ránni.

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fojú fò. Ẹni tí ó bá kà á kíá lè ka àbọ̀ sí ìdajì. Ààbọ̀ ni ìdajì, fáwẹ̀lì rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àfi kí ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì bí ó ti yẹ, kí ó sì fi àmì ohùn sí i.

Ẹ̀rí kan tún wà láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àṣẹ ps kì í kọ zombie sí iwájú orúkọ òkú náà. Defunct ni ó ń kọ. Látìnì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: defunctus ni ẹni tí ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán. Àwọn tí ó kọ ps súnmọ́ agboolé Yorùbá ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ.

Àrokò

Bí ọmọ bá ti kú, kánẹ́ẹ̀lì a máa fi tó òbí létí. Ohun tí ó fi ń ránṣẹ́ náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Nọ́ńbà lásán ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láàrin afiránṣẹ́ àti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní signal. Àmì ni àwọn kan ti ń lò fún un, ṣùgbọ́n àmì ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù lọ́wọ́: àmì ohùn, àmì ìdárò, àmì ẹ̀yẹ. Àrokò ni ó bá a mu jù. SIGCHLD ni àrokò tí ń sọ fún òbí pé ọmọ kan ti kú. SIGKILL, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9, ni àrokò ikú.

Àǹfààní kan jẹ yọ níhìn-ín tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ kill ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, nítorí pé kì í pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi àrokò ránṣẹ́ ni, tí ó lè jẹ́ ti ikú tàbí ti ohun mìíràn. Pípàrokò ni Yorùbá ń pe iṣẹ́ yìí gan-an. Pa tí ó wà nínú pàrokò kì í ṣe pa tí ń gba ẹ̀mí, bí ohùn wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹgbẹ́ pa inú pàlọ́ àti pàṣẹ ni. A lè pàrokò sí alààyè, kò sì sí alààyè tí ó lè kọ SIGKILL. Àbọ̀-àìgbà kò ní etí tí ó fi ń gba àrokò, ìdí nìyẹn tí kill -9 kò fi ràn án.

Ohun kan tún wà tí ó ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ akọ̀wé ètò. Àrokò SIGCHLD kì í tò lé ara wọn. Bí ọmọ mẹ́ta bá kú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, àrokò kan ṣoṣo ni òbí lè rí gbà. Bí ó bá gba àbọ̀ kan tí ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àbọ̀ méjì yóò wà nílẹ̀ láìgbà. Ó gbọ́dọ̀ máa béèrè títí kánẹ́ẹ̀lì yóò fi sọ fún un pé kò kù mọ́.

Ìtọ́jú

Níwọ̀n bí orúkọ ti tọ́ka sí òbí, ọ̀dọ̀ òbí ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ps -eo pid,ppid,stat,comm yóò fi nọ́ńbà òbí hàn nínú òpó kejì. Bí gbogbo Z bá ní òbí kan náà, ọ̀daràn ti di mímọ̀. A lè kọ́kọ́ fi àrokò SIGCHLD rán òbí náà létí. Yóò ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀ bá ti kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí ó bá gba irú àrokò bẹ́ẹ̀, èyí tí kò sábà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú rẹ̀ báyìí. Àtúnṣe tí ó dúró pẹ́ ni kí a tún ètò náà kọ kí ó máa gba àbọ̀. Bí òbí kò bá tilẹ̀ fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún kánẹ́ẹ̀lì nípa kíkọ SIGCHLD sílẹ̀ gbangba. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ tí ó bá kú yóò lọ láìfi ìlà kankan sílẹ̀.

Bí kò bá sí àyè láti tún ètò kọ, ọ̀nà tí ó kù ni kí a dá òbí náà dúró. Èyí ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nígbà gbogbo: alààyè ni a pa, òkú ni ó kúrò nílẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú di ọmọ òrukàn, ìmúṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 ni ó sì sábà máa ń gbà á tọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ dìde nígbà tí ẹ̀rọ jí, òun sì ni gbogbo ìmúṣe inú ilé ń jábọ̀ fún bí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ kò bá sí mọ́. Init ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lónìí systemd, tí ó jáde ní 2010, ni ó wà ní ipò náà. Baálé ni kí Yorùbá máa pè é. Láti 2012, pẹ̀lú kánẹ́ẹ̀lì 3.4, ìmúṣe mìíràn tún lè béèrè pé kí àwọn ọmọ òrukàn tí ó ti ìran òun wá máa bọ́ sọ́dọ̀ òun. Àgbà ilé ni ìyẹn.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da ọmọ òrukàn pọ̀ mọ́ àbọ̀-àìgbà. Ọmọ òrukàn lè wà láàyè kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, baálé yóò sì gba àbọ̀ rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Àbọ̀-àìgbà ni èyí tí òbí rẹ̀ wà láàyè tí kò sì bìkítà. Kí ó sì tó pa òbí kan, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́: bí ó bá jẹ́ òun ni ó ń pèsè ojú ìwé fún gbogbo oníbàárà tàbí tí ó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, àbọ̀ ogójì tí ó wà nílẹ̀ láìgbà lè sàn ju kí a dá a dúró lọ́sàn-án gangan. Ó lè dúró di òru.

Ọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí ni ti kọ̀ńtéńà, níbi tí Linux ti ń pín ẹ̀rọ kan sí yàrá àdáni púpọ̀, tí ìmúṣe àkọ́kọ́ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ nọ́ńbà 1 níbẹ̀. Ní orúkọ, baálé ni. Ní ìṣe, ó lè jẹ́ ètò kékeré kan tí a kọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí a ti ń gba àbọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ òrukàn inú yàrá náà yóò kú síbẹ̀, àbọ̀ wọn yóò sì máa tò jọ. Láti ẹ̀dà 1.13 tí ó jáde ní 2017, Docker ti ní ìpè --init, tí ń fi baálé kékeré kan tí ń jẹ́ tini sí ipò nọ́ńbà 1. Nínú ìwé atọ́nà tí a bá túmọ̀, --init yóò dúró bí ó ti wà, nítorí pé ìka ni yóò tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e láti ṣàlàyé rẹ̀ ni baálé.